Wọ́n Wọn Kẹ̀kẹ́ Mọ́ Mi Lára Bí Ẹ̀wù: Ohun Tí Mo Rí Gbà Nídìí Bike Fit ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀n

Pọ́n-ùn 220 ni mo san, iṣẹ́ náà sì gba wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀. Bike fit ni àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n ń pè é. Ẹni tó mọ̀ nípa ara àti nípa kẹ̀kẹ́ ni yóò ní kí oníbàárà gun orí kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, tí yóò wọn ẹsẹ̀, apá, ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ bí télọ̀ ti í wọn ẹni tó fẹ́ dá agbádá, tí yóò sì máa gbé ìjókòó sókè sódò, tí yóò máa tún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti bàtà ṣe, títí ara oníbàárà yóò fi gba irin náà láìsí ìnira. Inú ṣọ́ọ̀bù kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti ṣe tèmi. N kò ní í dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé bí mo ti ní ọpẹ́ láti dá níbẹ̀ ni mo ní ẹ̀sùn láti fi kàn wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí orúnkún ń dùn mọ̀ ni irú iṣẹ́ tí owó bẹ́ẹ̀ ń rà, kí ó lè pinnu bóyá ó yẹ kí òun náà san án.

Oṣù kìíní ọdún ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n dé Brighton ní oṣù kẹfà, nínú ìrìn-àjò ọdọọdún tí British Heart Foundation fi ń kó owó jọ fún ìwádìí àrùn ọkàn. Ọ̀nà náà jẹ́ máìlì 54, èyí tó tó kìlómítà 87, òkè Ditchling Beacon tó ga ní mítà 248 sì jókòó sí ìparí rẹ̀, níbi tó ti ń rẹ gbogbo ènìyàn. Ṣáájú ìgbà náà, láti ilé dé ibi iṣẹ́ àti láti ibi iṣẹ́ dé ilé nìkan ni mò ń gun kẹ̀kẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ju kìlómítà 60 lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti forúkọ sílẹ̀, mo ti sọ ọ́ di kìlómítà 170. Mo rò pé akin ni mò ń ṣe.

Kí oṣù kejì tó parí, orúnkún òsì ti ń dùn mí níwájú, lábẹ́ egungun róbótó tó wà níbẹ̀. Kì í dùn mí tó bẹ́ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni, tàbí ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde lẹ́yìn tí mo ti jókòó pẹ́ nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn èyí ni ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì àti èyí tó tẹ̀ lé e tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí ẹni pé pajápajá mú wọn. Mo fi Robb pa orúnkún, mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, ìrora náà lọ. Mo tún gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó padà wá. Ìyá mi gbọ́ ọ lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì bi mí bóyá torí kí n lè máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú Òyìnbó. N kò rí èsì fún wọn.

Ó yẹ kí n sọ irú àìsàn tí èyí jẹ́, nítorí pé òun ni iṣẹ́ bike fit wà fún. Ẹni tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ mọ ọjọ́ tó ṣubú, ó sì mọ ibi tó fi gbá ilẹ̀. Ìpalára àlòjù, èyí tí lílo ẹ̀yà ara kan náà ní àlòtúnlò ń fà, kò ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ìrora yìí ṣe ń wọ orúnkún. Ẹni tó ń yí pẹ́dàlì ní ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú kan ti ká orúnkún kọ̀ọ̀kan, ó sì ti nà án, ní ìgbà 5,400 kí wákàtí kan tó pé. Bí ó bá gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún. Nínú eré bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ máa ń yà sọ́tùn-ún, ó máa ń yà sósì, ó ń sáré, ó ń dúró. Lórí kẹ̀kẹ́, ojú ọ̀nà kan náà ni ẹsẹ̀ ń tọ̀ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Bí ojú ọ̀nà náà bá fi mìlímítà mélòó kan wọ́, ara yóò san gbèsè mìlímítà náà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lọ́jọ́ kan.

Àwọn tí eré ìje jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ wọn pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Nọ́wè tẹ ìwádìí kan jáde lórí agunkẹ̀kẹ́ 109 tó wà nínú ẹgbẹ́ eléré-ìje tí ń gba owó oṣù. Nínú ìpalára àlòjù 94 tí wọ́n kà sílẹ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìdá 23 sì wà ní orúnkún. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí eré yìí yóò rántí Bernard Hinault, ará Faransé tó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù, nígbà márùn-ún. Ní ọdún 1980, aṣọ yẹ́lò ẹni tó wà níwájú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí orúnkún lé e kúrò nínú ìdíje náà ní ìlú Pau. Ní ọdún 1983, orúnkún kò jẹ́ kí ó lè kópa nínú rẹ̀ rárá, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí orúnkún bá lè dá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dúró, ta ni èmi tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́?

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù náà ni pé fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mi. Obìnrin tó dá mi lóhùn ti ṣiṣẹ́ físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yà sídìí kẹ̀kẹ́. Ó fún mi ní àga, ó mú ìwé, ó sì ń bi mí léèrè bí àwọn àgbà ti í wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Ìgbà wo ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀? Ibo gan-an ni, kí n fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí i. Ṣé lórí òkè ni ó ń dùn jù ni, àbí lórí ilẹ̀ títẹ́jú? Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè ohun tí mo gbà pé ó tó ìdajì owó tí mo san: kí ni ó yí padà láàárín oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí ìrora náà dé?

Mo kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ó dákẹ́ tó ń wò mí, mo rántí pé mo gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ fún àtúnṣe ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn nínú oṣù kìíní, wọ́n sì yọ ọ̀pá ìjókòó rẹ̀ kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì kun gíríìsì sí i. N kò wò ó bóyá ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ ni wọ́n dá a padà sí. Mo tún rántí pé mo pààrọ̀ cleat, ìyẹn ìkọ́ abẹ́ bàtà tó máa ń há mọ́ pẹ́dàlì, nínú ilé ìdáná mi, pé ojú lásán ni mo fi díwọ̀n rẹ̀. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó tún kọ ẹ̀kẹta, tí èmi kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá: láti 60 sí 170.

Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ẹsẹ̀ mi, ó nà án, ó sì wò ó bóyá ọ̀kan gùn ju ìkejì lọ. Iṣan ẹ̀yìn itan mi le koko bí okùn, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé orí àga ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó de kẹ̀kẹ́ mi mọ́ ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ó rìn, wọ́n lẹ àmì kéékèèké mọ́ kókósẹ̀, orúnkún, ìgbáròkó, èjìká, ìgbúnwọ́ àti ọrùn ọwọ́ mi, kámẹ́rà sì ń ka bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń lọ tí ń bọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ kò ju ohun tí téèpù ìwọnṣọ lè sọ lọ.

Láti àárín ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí dé orí ìjókòó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 71.8. Gígùn ẹsẹ̀ mi nínú, láti ilẹ̀ dé àárín itan, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 84. Ìṣirò àtijọ́ kan wà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi orúkọ Greg LeMond, eléré-ìje kẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, pè, èyí tó ní kí ènìyàn fi 0.883 sọ gígùn yẹn di púpọ̀. Tèmi yóò jẹ́ 74.2. Ìṣirò mìíràn tó ti wà láti ọdún 1967 ní kí gíga ìjókòó láti orí pẹ́dàlì jẹ́ ìdá 109 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn ẹsẹ̀, bí a bá sì yọ gígùn apá pẹ́dàlì kúrò nínú rẹ̀, ibì kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjókòó mi fi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀, kéré sí bó ti yẹ. Nígbà tí pẹ́dàlì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, orúnkún mi ṣì ká ní dígírì 42, bẹ́ẹ̀ àárín 25 sí 35 ni wọ́n ń fẹ́ kí ó wà.

Ó ṣàlàyé fún mi ohun tí ìyẹn ń ṣe. Egungun róbótó iwájú orúnkún kì í dúró lójú kan. Ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí egungun itan bí orúnkún ti ń ká tí ó sì ń nà. Bí orúnkún bá ti ká tó nígbà tí itan ń fi agbára tẹ pẹ́dàlì, bẹ́ẹ̀ ni egungun náà ṣe ń tẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ìjókòó tó kéré jù fi ń mú iwájú orúnkún dùn. Ẹni tí tirẹ̀ ga jù, ẹ̀yìn orúnkún ni yóò máa dùn ún, tàbí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò sì máa mì sọ́tùn-ún sósì lórí ìjókòó kí ẹsẹ̀ lè bá pẹ́dàlì nísàlẹ̀, tí ẹ̀yìn àti awọ ìdí yóò fi máa jìyà rẹ̀. Ibi tí ìrora bá wà sábà máa ń sọ ibi tí wíwọ́ wà, ó ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ ìka tó ń kú ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé n kò lè rò ó láé pé ìjókòó ló fà á. Àwọn tó tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe ti jẹ́ kí imú ìjókòó dorí kodò díẹ̀. Bí mo bá ti jókòó, ara mi ń yọ́ lọ síwájú, apá mi sì ń tì í padà láìmọ̀. Gbogbo ìwúwo àyà mi wá wà lórí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, lápá ìka ọmọńdinrín, ibi tí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka méjèèjì gbà kọjá. Òun ni mo ń tẹ̀ mọ́ irin fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n mú imú ìjókòó dọ́gba, wọ́n gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, apá mi sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí ìka náà bá ṣì ń kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà ni kí n lọ rí, kí n má padà sọ́dọ̀ òun. Mo yìn ín fún èyí.

Ní ti bàtà, ojú tì mí. Oríṣi cleat mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ Shimano ń ṣe fún irú pẹ́dàlì tèmi: yẹ́lò ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí ní dígírì mẹ́fà kí ó tó já kúrò, búlúù ń fún un ní méjì, pupa kò sì fún un ní àyè kankan. Pupa ni mo rà, nítorí pé ó bá àwọ̀ kẹ̀kẹ́ mi mu. Ti òsì tí mo fi ojú lásán dè sì kọjú sínú, nítorí náà ẹsẹ̀ mi wà níbi tí kò fẹ́ wà, kò sì rí ọ̀nà yẹra. Yẹ́lò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà nínú 220 náà.

Wọn kò gbé ìjókòó lọ sí 74.2 lọ́jọ́ náà. Ó ní bí ara bá ti mọ́ àìdára fún oṣù mélòó kan, bí a bá tún un ṣe lójijì, iṣan ẹ̀yìn itan àti ti gìgísẹ̀ yóò kọ̀ ọ́, ìrora mìíràn yóò sì gbapò ti àkọ́kọ́. Mìlímítà mẹ́jọ ni wọ́n gbé e, èmi fúnra mi sì gbé e ní mẹ́jọ mẹ́jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Ó tún ní kí n dá ìrìn mi padà sí kìlómítà 80 lọ́sẹ̀, kí n má sì fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n máa lo jíà tó fúyẹ́ lórí òkè dípò kí n máa fi tipátipá ti èyí tó wúwo. Ó sọ ọ́ kedere pé bí ìjókòó mi tilẹ̀ wà níbi tó yẹ, fífò láti 60 sí 170 nìkan tó láti ba orúnkún jẹ́. Kò sí kámẹ́rà tó lè rí ìyẹn.

Ní báyìí, ẹ̀sùn mi. Lẹ́yìn iṣẹ́ rere yìí, ọkùnrin tó wà nídìí owó bẹ̀rẹ̀ sí í pọlówó ìjókòó tuntun fún mi ní pọ́n-ùn 130, ó ní àwòrán ibi tí ìdí mi ti ń tẹ ìjókòó fi hàn pé tèmi kò dára. Ẹni tó wọ̀n mí gan-an kò sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí kò dùn mí rí. Ó tún gbé ìtẹ́lẹ̀ bàtà ọgọ́ta pọ́n-ùn síwájú mi. Mo kọ méjèèjì, mo sì dúpẹ́ pé mo kọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora ti mú fún oṣù méjì kì í ní ọgbọ́n láti kọ nǹkan. Ìwé àbájáde tí wọ́n ní yóò dé lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹsàn-án ni ó tó wọ ímeèlì mi. Ó jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlá tó kún fún àwòrán aláràbarà, nọ́ńbà mẹ́rin tí mo nílò sì fara pamọ́ sí ojú ìwé kẹsàn-án. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n fún oníbàárà láti padà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Orúnkún kì í san láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí mo fẹ́ padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọgọ́ta pọ́n-ùn ni wọ́n ní kí n tún san, n kò sì lọ.

Wọn kò sì ní iṣẹ́ kankan fún ẹni tí kò ní 220. Ọmọ ìlú wa kan wà tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ní Camberwell àti Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Òun ni ìpalára àlòjù mọ̀ ní orúkọ, kì í ṣe èmi tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn. Ìjókòó rẹ̀ kéré débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àpò oúnjẹ tó so sí iwájú. Mo fi ìwé líle kan há àárín itan rẹ̀ bí ó ti fẹ̀yìn ti ògiri, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí ìwé náà dé ilẹ̀, mo fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀ lórí fóònù, mo sì fi sípánà gbé ìjókòó náà díẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ìrora rẹ̀ kò bá tíì le, kí ó kọ́kọ́ ṣe èyí, kí ó sì ní kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò òun láti ẹ̀gbẹ́, kí ó tó máa ronú nípa owó ńlá.

Ìka mi jí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orúnkún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin, tí mo dé ìsàlẹ̀ kí n tó rántí pé kò dùn mí. Mo dé Brighton ní oṣù kẹfà. Mo fi ẹsẹ̀ rin apá tó kẹ́yìn lórí Ditchling Beacon, ṣùgbọ́n èémí ló tán, kì í ṣe orúnkún. Ẹ̀yìn mi ṣì máa ń le bí mo bá ti kọjá wákàtí mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́, wọn kò sì rí ìyẹn yanjú.

Bí ẹnì kan bá bi mí, máàkì méje nínú mẹ́wàá ni n ó fún wọn. Bí wọ́n bá fi obìnrin náà sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, téèpù àti ìbéèrè rẹ̀, tí wọ́n sì gba ìdajì owó náà, n ó fún wọn ní mẹ́sàn-án. Mo ti fi téèpù pupa sàmì sí ọ̀pá ìjókòó mi ní ibi tí 74.2 wà. Nígbà tí mo tún gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ fún àtúnṣe ní oṣù tó kọjá, mo fi àmì náà han mẹkáníìkì kí n tó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún un, mo sì tún wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀ nígbà tí mo padà wá gbé e.